Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọ́ Ìwádìí Lẹ́nu Iṣẹ́: Àpẹẹrẹ Kan Láti Ajah



Ìbéèrè kan wà tó pọ̀ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣe oyè másítà, òun ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Wọ́n á ní: "Prof, a ti kọ́ ìwádìí nínú kíláàsì. A ti kàwé, a ti ṣe ìdánwò, a sì ti yege. Kí ló tún kù tí wọ́n fi ní ká lọ lo oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ alábòójútó? Ṣebí ilé ìwòsàn náà la ti wá?"

Ìbéèrè gidi ni. Kíláàsì lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan iye ènìyàn tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò, àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àbájáde. Ohun tí kò lè kọ́ ọ ni bí o ṣe máa jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùwádìí pọ̀ níwájú obìnrin kan ṣoṣo tó jókòó tì ọ́, tó ń wo ojú rẹ. Fìlà méjì ni, orí kan. Àárín àwọn aláìsàn nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dé e, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń wò ọ́ bí o ṣe ń dé e.

Ẹ wo ọmọọṣẹ́ télọ̀. Ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń lo tépù dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò ní jẹ́ kó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Á fún un ní àkísà gé ná. Tó bá yá, á jẹ́ kó gé aṣọ gidi, àmọ́ ojú ọ̀gá á wà níbẹ̀. Kí ó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ ohun tí ẹnu ọ̀gá ò lè ṣàlàyé tán. Bí ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí ṣe rí náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé aṣọ tó bà jẹ́ ṣeé rà padà.

Ìwádìí kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Àwọn kan rò pé dókítà ló ni ìwádìí, kí nọ́ọ̀sì máa fún abẹ́rẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1854, Florence Nightingale kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, nílẹ̀ Tọ́kì. Àrùn ló ń pa àwọn ọmọ ogun náà jù, kì í ṣe ọgbẹ́ ojú ogun. Nightingale tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó kó iye àwọn tó kú jọ, ó to ohun tó pa wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì yà á sí àwòrán tí àwọn aláṣẹ ìjọba fi rí i kedere pé ìdọ̀tí ló ń pa ènìyàn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní London gbà wọlé.

Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ni Kofowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ti kọ́ṣẹ́, ìyẹn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́nì àgbà ní UCH, Ìbàdàn. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn sì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1965, ó wà lára àwọn tó ṣe wàhálà rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí nọ́ọ̀sì wa má kàn máa tẹ̀lé àṣẹ, kí òun náà lè béèrè ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó sún mọ́ wa kún un. Lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára obìnrin bá ti tó 500 mílílítà, ewu ti dé. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀? Ojú ni wọ́n ń fi wò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ojú sì máa ń tan ni, pàápàá tí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì bá ti fa ẹ̀jẹ̀ mu. Wọ́n wá ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, àwọn obìnrin tó kópa níbẹ̀ lé ní 200,000. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ obìnrin tó bímọ kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ gan-an, wọ́n sì to àwọn ìtọ́jú pọ̀ láti ṣe kíákíá lẹ́ẹ̀kan náà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023: ẹ̀jẹ̀ dídà tó le, iṣẹ́ abẹ tó máa ń tẹ̀lé e àti ikú tó ń ti ibẹ̀ wá, tí a bá kà wọ́n pọ̀, fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wò, bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni wọ́n rí. Níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n rí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ta ló tẹ́ ọ̀rá náà? Ta ló ka àmì ara rẹ̀ lóru? Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni. Tí ẹni tó ń kà á ò bá mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kà á bó ṣe rí gan-an, gbogbo ìṣirò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n di asán.

Ká wá bọ́ sí Ajah

Mo fẹ́ lo àpẹẹrẹ kan láti fi ṣàlàyé bí ìkọ́ṣẹ́ yìí ṣe ń lọ. Àpẹẹrẹ ni o. Iye tí mo bá dá nínú rẹ̀ wà fún àlàyé nìkan, kì í ṣe àbájáde ìwádìí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣe másítà ni wọ́n rán lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lágbègbè Ajah. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ajah, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ò dà bí Lekki tí wọ́n ń fi hàn nínú fíìmù. Láti ìkóríta Ajah, èèyàn lè gba ọ̀nà Badore, Langbasa àti Addo, tàbí kó máa lọ sí Sangotedo. Èsìtéètì olówó ńlá wà, ilé pákó ẹ̀bá omi náà wà. Wàá gbọ́ Yorùbá, wàá gbọ́ Ìlàjẹ, Ègùn, Ìgbò, Haúsá àti Píjìn lórí bẹ́ǹṣì kan náà láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú aboyún.

Ọmọ wa yìí ní alábòójútó méjì. Ọ̀kan wà ní yunifásítì, tó ń wo bí ìwádìí ṣe dúró. Èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn náà, tó mọ àdúgbò, tó mọ rẹ́jísítà, tó mọ ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣe pàtàkì. Ti yunifásítì nìkan, iṣẹ́ á dára lórí ìwé, kò ní ṣeé ṣe. Ti ilé ìwòsàn nìkan, iṣẹ́ á ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè má fi ohunkóhun múlẹ̀.

Ohun tó gbé wá láti ilé ni: "Ìdí tí àwọn obìnrin fi jẹ́ aláìmọ̀kan nípa bíbímọ sí ilé ìwòsàn." Alábòójútó á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ó ti dáhùn kó tó béèrè! Ta ló sọ fún un pé àìmọ̀kan ni? Lẹ́yìn ìjókòó bíi méjì, ìbéèrè náà á di: "Àwọn obìnrin ń gba káàdì lọ́dọ̀ wa. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n gba káàdì àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀?" Ìbéèrè yìí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó sì bá ohun tí a mọ̀ mu: nínú ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní 2018, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ló rí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọṣẹ́ nígbà oyún, ṣùgbọ́n ìdá 39 péré nínú àwọn ìbímọ ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Àlàfo tó wà láàárín 67 àti 39 yẹn ni ìwádìí fẹ́ wọ̀.

Àlàfo inú rẹ́jísítà

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n á fún un ni rẹ́jísítà. Jẹ́ kí á sọ pé obìnrin 120 ló gba káàdì ní oṣù mẹ́ta, tí 40 nínú wọn bímọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á kọ ọ́ pé 80 lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí. Níbo ló ti rí i? Rẹ́jísítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfìfo ló wà níbẹ̀, òfìfo kì í sì í ṣe òdo. Ọ̀kan nínú 80 yẹn lè ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òmíràn lè wà ní jẹ́nẹ́rà, òmíràn ní ilé ìwòsàn aládàáni, òmíràn ní ilé àdúrà. Oyún ẹlòmíràn lè ti bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn náà ni àwọn mìíràn bí i sí, àmọ́ òru ni, iná ò sí, nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì rántí kọ ọ́ sílẹ̀.

Níhìn-ín ni nọ́ọ̀sì àgbà ti wúlò. Òun ló mọ̀ pé àmì kékeré tí wọ́n fi pẹ́ńsù ṣe sí etí ojú ìwé túmọ̀ sí pé wọ́n darí obìnrin náà sí ilé ìwòsàn ńlá. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ tó kọ ìyẹn.

Ta la máa bi?

Ó tó àsìkò láti bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ibi tó rọrùn jù ni orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, wọ́n ṣáà ti jókòó síbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣáà rò ó wò: ẹni tó bá lọ dúró sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ń bi àwọn tó wá kírun pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn kì í fi í wá kírun, kí ló fẹ́ gbọ́? Àwọn tí kò padà wá la fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Ó di pé kó lo nọ́ńbà fóònù tó wà lórí káàdì, kó lọ sí ojú ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, torí ìyá tó bímọ síbòmíràn sábà máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́, kó sì bá àwọn ìyá àgbẹ̀bí fúnra wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀, àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Alájọṣe ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sọ wọ́n di ọ̀tá kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá ń béèrè, kó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ìrọbí mú yín, aago mélòó ni? Ta ló wà nílé? Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?" Ìbéèrè báyìí lè gbé nǹkan jáde tí fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà, tí Ajah wà nínú rẹ̀. Kí ni obìnrin tí ìrọbí mú ní aago méjì òru máa gùn? Ó lè jẹ́ ìdáhùn, ó sì lè má jẹ́. Ẹni tó bá ti pinnu pé àìmọ̀kan ni, kò tiẹ̀ ní béèrè.

Aṣọ funfun àti "bẹ́ẹ̀ ni, mà"

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn bo Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà. Àwọn òbí sọ pé wọn ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda, àwọn ò sì ṣe ohun tó burú. Wọ́n fa ẹjọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó fẹnu kò ní 2009 lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìwà ọmọlúàbí fún ìwádìí ìlera, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ bi aláìsàn kankan ní ìbéèrè ìwádìí kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i tó fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìgbìmọ̀ ò tó. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì rí aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó mọ̀ pé àwọn tó wọ irú aṣọ yìí ló máa gbẹ̀bí òun. Tí o bá bi í pé, "Ṣé ẹ gbà?", á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ṣé ó gbà ni, àbí ó ń bẹ̀rù? Ìwọ alára ò lè mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́jọ́ ìwádìí, kó dúró kí obìnrin náà ti gba ìtọ́jú tán pátápátá, kó sì jẹ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Kó ṣàlàyé ní èdè tí obìnrin náà fi ń lá àlá. Kó ní kí òun náà sọ ohun tó gbọ́ padà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka, kí ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀. Kí ó hàn kedere pé tó bá ní "rárá", ìtọ́jú rẹ̀ ò ní yí padà. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ gbọ́ "rárá" tí ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní "ẹ ṣé, mà," ọjọ́ yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé ó ti ń di olùwádìí.

Ìgbà tí fìlà méjèèjì bá ta kora

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ń fọ̀rọ̀ wá obìnrin kan lẹ́nu wò, oyún oṣù mẹ́jọ. Láàárín ọ̀rọ̀, obìnrin náà ní orí ń fọ́ òun láti àná, ojú òun sì ń ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Olùwádìí tó wà nínú ọmọ wa ń sọ pé kó má já ọ̀rọ̀ gbà, kó jẹ́ kí ìtàn náà parí. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún nìyí, èyí tó lè di gìrì, tó sì lè pa ìyá àtọmọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kó pa ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá ti tó 140/90, pàápàá pẹ̀lú irú àmì wọ̀nyí, ìwádìí ti dúró nìyẹn, kó fà á lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìwádìí náà bá dànù, kó dànù, jàre.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Àwọn mìíràn ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan sọ fún ọ pé òun ń mu àgbo, kó o má sọ fún mátírọ́nì. O rí ẹlẹgbẹ́ rẹ tí kò fọwọ́ kó tó kan ọmọ tuntun. Kí lo máa ṣe? Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ kọ́ ló yẹ kó o máa rò ó. Alábòójútó àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jókòó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èyí la máa pa mọ́, èyí la máa sọ, ibi tí a ti máa dá ìwádìí dúró nìyí. Má ṣèlérí àṣírí tí o kò lè pa mọ́. Sọ fún obìnrin náà látìbẹ̀rẹ̀ pé o ò ní dárúkọ rẹ̀, àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ

Sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ fún irú ìkọ́ṣẹ́ yìí: ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kẹ́ ẹ pín ojú ìwé sí mẹ́ta. Apá kìíní, ohun tí mo rí. Apá kejì, ohun tí mo rò nípa rẹ̀. Apá kẹta, ohun tí mo fẹ́ bi alábòójútó. Ẹ má jẹ́ kí apá kìíní àti ìkejì dàpọ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe inú ìwádìí ló ń ti ibẹ̀ wọlé.

Sí ẹ̀yin alábòójútó: ẹ má fún wọn ní ìdáhùn. Ẹ bi wọ́n pé "Níbo lo ti rí i?" Ẹ máa bi wọ́n títí wọ́n á fi máa bi ara wọn. Ẹ sì bá wọn bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn kí wọ́n fún wọn láyè. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mẹ́ta léra, kò lè gbọ́ ohun tí obìnrin ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin.

Tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ padà lọ. Ẹ lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn obìnrin náà ohun tẹ́ ẹ rí, ní èdè wọn, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí wọ́n bá ní "kò rí bẹ́ẹ̀ o," ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ sókè òkun lójoojúmọ́, àwọn tó kù ò sì pọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè nípa obìnrin tí ìrọbí mú ní Badore lóru, ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè béèrè rẹ̀ dáadáa. Tí a ò bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè, àwọn tó wà níbi tó jìnnà á bá wa béèrè, wọ́n á sì bá wa dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu irú ìkọ́ṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ti ń dí yín lọ́wọ́. Ó dìgbà kan ná.